Ìbúra Ẹ̀ṣọ́ Igbó Lédè Sípéènì

Ogun tó ń jà ní gúúsù Èkìtì lásìkò tí à ń sọ yìí, ogun tí kò níyì rárá ni. Ọba kankan kò kéde rẹ̀, ìlú kan kò sì ránṣẹ́ sí ìlú kejì pé ẹ múra. Ẹni tó jí lọ sóko kòkó ni ogun ń ká mọ́ ìdí igi. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ẹmùrẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ ni ogun ń dá lọ́nà ní ọ̀sán gangan. Àwọn ajínigbé ni ọ̀tá, inú igbó ni odi wọn, fóònù ni wọ́n fi ń bá ẹbí ẹni tí wọ́n gbé sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú àwọn ará ìlú, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Igbó sílẹ̀. Wọ́n kó ọdẹ jọ, wọ́n kó àgbẹ̀ jọ, wọ́n fi ọlọ́kadà àti tíṣà tí kò ríṣẹ́ kún un, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba igbó padà.

Fámúyìwá ọmọ Ìsẹ̀ wà lára wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí à ń wí yìí, àyà ló fi lélẹ̀ lẹ́yìn gbòǹgbò igi àràbà kan, ó na ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ sí ẹnu ihò àpáta kan lókè, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Motọ́láyọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wà nínú ihò yẹn. Tíṣà ni Motọ́láyọ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹmùrẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti já a bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Adéwùmí nínú oko rẹ̀ kí ó tó kàn án, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì há mọ́ inú àpáta náà pẹ̀lú àwọn tó jí wọn gbé.

Ọ̀gá Gbádébọ̀ ni olórí ogun. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń kí ní “Ẹkùn Abẹ́ Òkè” bó bá ti ń bọ̀. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó gbọ́n lójú ogun. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn ajínigbé náà wọ inú àpáta, ó ti wò ó pé kò sí omi níbẹ̀. Odò kékeré kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ìsàlẹ̀ àpáta ló sì wà. Ó to àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ yí odò náà ká, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn.

“Bí a bá yìnbọn wọ unú ihò yẹn, àwọn èèyàn wa ni wọn ó fi bo ara wọn,” ó wí fún wọn. “Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ bá wa ja ogun yìí. Òùngbẹ ò ní pa Tíṣà kó tó ṣẹ́gun wọn. Wọn ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn.”

Ọgbọ́n náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán yẹn, ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú ihò, Yorùbá tó ń kọsẹ̀ ló ń sọ, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn pọn omi, bó bá di ọ̀la àwọn á dá obìnrin náà sílẹ̀. Ọ̀gá Gbádébọ̀ dáhùn pé kí obìnrin kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí omi tó gòkè. Ọkùnrin náà ṣépè. Wọ́n wá ti Motọ́láyọ̀ jáde sí ẹnu ihò, wọ́n ní kó bẹ àwọn èèyàn rẹ̀. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì ti dọ̀tí, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń ṣàkóso kíláàsì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi èdè Ìsẹ̀ kígbe, èyí tí ó mọ̀ pé àwọn yẹn kò gbọ́:

“Àkàndé o! Omi ti tán lọ́wọ́ ọn! Àárẹ̀ ti mú ọn! Ẹ mọ́ rè ubì kankan o! Mọ́ jẹ́ kí ẹni kankan kúrò níbẹ̀ o!”

Àkàndé ni oríkì Fámúyìwá, ohun tó sì ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má lọ síbì kankan. Kò dáhùn, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n omi lé sí i lójú. Wọ́n gbá obìnrin náà létí, wọ́n fà á wọlé. Gbogbo àwọn tó wà yí odò ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa ṣú, ọwọ́ á tẹ àwọn ẹni ibi náà, Tíṣà àti Bàbá Adéwùmí á sì padà sílé wọn.

Irọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù dún. Ọ̀gá Gbádébọ̀ gun orí òkìtì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni, sà” ní àsọtúnsọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó pe àwọn àgbà ẹ̀ṣọ́ jọ sí abẹ́ igi kòkó kan, ó ní kí Fámúyìwá náà wá.

“Olóyè Bọ́lájí ló pè,” ó wí. Olóyè Bọ́lájí ni alága ìgbìmọ̀ tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan tí wọ́n ń lò ti ń wá. “Àwọn àlejò kan ti dé láti Sípéènì, àjọ aláàánú kan ló rán wọn. Wọ́n fẹ́ fún wa ní mọ́tò, wọ́n fẹ́ fún wa ní bàtà, wọ́n sì fẹ́ fún wa ní dúróònù tí ń fò tó sì ń ríran lóru. Ọ̀la ni wọ́n ń padà lọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ rí gbogbo wa, kí a búra lójú wọn pé a ó dáàbò bo aráàlú, kí wọ́n sì gbọ́ ìbúra náà ní èdè tiwọn.” Ó yíjú sí Fámúyìwá. “Ìwọ ni Olóyè dárúkọ. Ìwọ nìkan lo gbọ́ Sípáníìṣì.”

Fámúyìwá rò pé eré ni. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò mi pariwo ní ọ̀sán yìí? Ó ní kí a mọ́ rè ubì kankan. Ọ̀la ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí. Ọ̀la gan-an! Ẹ wá ní kí a lọ búra?”

“Mo gbọ́ ọ. Etí mi kò di.”

“Kí wọ́n búra fún ara wọn nígbà náà! Kí àwọn díẹ̀ lọ, kí àwa yòókù dúró.”

“Olóyè ní gbogbo wa. Ó ti kọ iye wa fún wọn. Bí a bá dín, wọn ó ní irọ́ la pa.”

Bọ́lárìnwá, ọlọ́kadà láti Ẹmùrẹ́, fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ṣùgbọ́n sálúbàtà ni òun fi wọ inú ugbó, ejò sì ti pa ẹnìkan lọ́dún tó kọjá nítorí bàtà. Àwọn méjì mìíràn mi orí. Ẹlòmíràn ní dúróònù yẹn ìbá ti jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ajínigbé kí wọ́n tó gbé Tíṣà rárá. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtumọ̀, èyí ló mú kó burú. Fámúyìwá rí i bí ojú wọn ṣe ń kúrò lára àpáta díẹ̀díẹ̀, tó ń lọ sọ́dọ̀ bàtà tí wọn ò tíì rí.

Ọpẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló mú ọgbọ́n kan wá, inú rere ló sì fi mú un wá. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ àti fìlà wọn kọ́ sórí igi yí odò ká, kí wọ́n dá iná sí ibi mẹ́ta mẹ́rin, kí òun àti Victor, ẹ̀ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, dúró, kí àwọn máa rìn láti ibi iná kan dé òmíràn, kí àwọn máa wúkọ́, kí àwọn máa pe orúkọ oríṣiríṣi. Ẹni tó bá wà lókè á rò pé gbogbo ogun ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ènìyàn yin ọgbọ́n náà. Ọ̀gá Gbádébọ̀ ní bí ẹni méjì péré bá dín, àwọn àlejò kò ní mọ̀. Ó yọ àdá rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀.

“Mo fi irin yìí búra,” ó wí fún Fámúyìwá, “kí ọ̀sán tó pọ́n, a ó ti padà síbí. Bí mo bá parọ́, kí irin jẹ mí níyà.”

“Èmi ò kúrò níbí, Ọ̀gá.”

“Bí o ò bá lọ, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Bí a ò bá túmọ̀ rẹ̀, a ó dúró títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn ní Adó. Ìwọ ló máa jẹ́ kí a tètè dé. Tìtorí Tíṣà ni kí o ṣe lọ.”

Bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn. Àṣẹ ìbá máà tó láti gbé e kúrò níbẹ̀. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fi gbé e.

Ní ìdájí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí èèrùn, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé láàrin igbó, kò sí ẹni tó fọhùn. Ọgbọ́n ogun ni wọ́n fi rìn títí wọ́n fi dé ojú títì. Àfi bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ tí wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù kòkó tí Olóyè fi ránṣẹ́. Dírẹ́bà ti tan gbogbo iná rẹ̀, bátìrì sì ti kú. Wọ́n tì í, ẹ́ńjìnnì gbá, ó bú ramúramù, ó tún kú, wọ́n tún tì í. Ariwo náà gba gbogbo igbó. Fámúyìwá wo ẹ̀yìn, ọwọ́ lérí. Ogun tó yọ́ jáde láti ẹnu àpáta ń kígbe “ó ti gbá, ó ti gbá!” lójú títì.

Pálọ̀ Olóyè Bọ́lájí tutù bí inú fíríìjì. Lọ́fínńdà Olóyè kún ibẹ̀ débi pé Fámúyìwá, tí òórùn ara tirẹ̀ jẹ́ ti èéfín àti òógùn, fẹ́ sín. Wọ́n gbé míìtì páì síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Olóyè jókòó tì í, ẹni rere ni lójú ara rẹ̀, ó ń gbá a léjìká.

“Ọmọ Ìsẹ̀, ìwọ la ní lónìí o! Bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ́ ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ìbúra tiwa.”

Málábò, ìlú orí erékùṣù kan lójú òkun tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, ni Fámúyìwá ti gbọ́ èdè náà. Ó ti la pákó níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi pé kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn a máa tò wọ́n síwájú àsíá ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á gbé ọwọ́ láyà, wọ́n á pariwo *juro*, èyí ni “mo búra”, wọ́n á pariwo *patria*, èyí ni ilẹ̀ baba ẹni, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú wọn tí baba rẹ̀ ní ilẹ̀ níbẹ̀. Kò rò pé òun á tún pàdé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn láéláé, ká má tíì sọ pé ní Ìkẹ́rẹ́, nínú pálọ̀ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí.

Ó ń túmọ̀, Olóyè ń fi kún un. “Ìṣọ̀kan àti ìgbàgbọ́, àlàáfíà àti ìlọsíwájú” tó wà lára àmì Nàìjíríà di *unidad y fe, paz y progreso*. Olóyè ní kó fi “Ilẹ̀ Iyì” kún un, Fámúyìwá kọ *tierra de honor*. Olóyè ní kó fi ẹ̀jẹ̀ sí i, pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sí i. Wọ́n wá dé ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí ìgbìmọ̀ kọ fúnra wọn: “Mi ò ní fi ẹni tí a fi sí ìkáwọ́ mi sílẹ̀, ìbáà ṣe lójú ewu, ìbáà ṣe nítorí ìrọ̀rùn.”

Bíírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló dé? Ó le ni?” Olóyè bi í.

“Kò le, sà.”

“Kà á fún mi kí n gbọ́.”

“*No abandonaré a quien me ha sido confiado*,” Fámúyìwá kà á, ohùn rẹ̀ kò gòkè.

“Háà!” Olóyè pàtẹ́wọ́. “Ó dùn létí! Tún un kà.”

Ó tún un kà. Ó ṣe é bíi pé ó ń jẹ ohun tó ti bà jẹ́, tí ẹni tó se é sì jókòó tì í tó ń bi í bóyá iyọ̀ tó.

Pápá ilé ìwé kan lábẹ́ òkè Ọlọ́sùnta ni wọ́n ti ṣe ètò náà. Wọ́n to àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú oòrùn, wọ́n fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí sítáàṣì ti gan, wọ́n sì pín bàtà. Bọ́lárìnwá rí bàtà tirẹ̀ gbà, ó kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi tipátipá wọ̀ ọ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Àwọn àlejò kò tíì dé. Wọ́n ní wọ́n ń jẹun. Oòrùn gòkè, ó sì pọ́n. Ọ̀gá Gbádébọ̀ ń wo aago, kò wo ojú Fámúyìwá.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọn ó ṣe búra. Àwọn ọdẹ ní ìbúra tí ahọ́n kò bá kan irin, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn kò lè fi ahọ́n kan ìbọn, pé Bíbélì ni àwọn mọ̀. Pásítọ̀ dìde, àgbà ọdẹ dìde. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, obìnrin àlejò náà, Pilar lorúkọ rẹ̀, ń bi Fámúyìwá pé kí ni wọ́n ń sọ. Níkẹyìn wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n to ìbọn lé e, wọ́n gbé Bíbélì lé orí ẹnu ìbọn, wọ́n ní kí oníkálukú mú èyí tó wù ú. Àgbà ọdẹ àti pásítọ̀ wá rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Fámúyìwá ń ronú nípa aṣọ tí wọ́n kọ́ sórí igi lẹ́bàá odò, bóyá atẹ́gùn ti gbé wọn ṣubú.

Wọ́n búra. Fámúyìwá di máíìkì mú, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbè é, ó ń sọ ọ́ ní Sípáníìṣì, àwọn àlejò ń mi orí. Nígbà tó sọ ìlà tó kẹ́yìn, gbogbo ohùn yẹn pa pọ̀, wọ́n sì dún dáadáa, kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn ò dún dáadáa. Pilar nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń ya fídíò gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà òun ò gba ìdajì rẹ̀.

“Ẹ tún un búra,” Olóyè wí.

Àgbà ọdẹ kan kùn pé a kì í ṣe irú èyí. Olóyè ní kó ṣe sùúrù, àlejò ni wọ́n. Wọ́n tún un búra. Wọ́n tún fi ahọ́n kan irin, wọ́n tún gbé ọwọ́ lé Bíbélì, wọ́n tún jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní fi ẹni tó wà ní ìkáwọ́ àwọn sílẹ̀. Fámúyìwá wò ó pé kò sí ẹ̀gbin kan lágbàáyé tó tó kí àgbàlagbà ọkùnrin máa tún ìbúra bú nítorí fídíò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Pilar sún mọ́ ọn. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kò sì gọ̀. Ó bi í léèrè ní èdè rẹ̀ pé ta ló wá ń ṣọ́ igbó lónìí, bí gbogbo wọn ṣe wà níbí. Fámúyìwá yíjú sí Olóyè, ó túmọ̀ ìbéèrè náà. Olóyè kò tilẹ̀ dúró ronú.

“Wí fún un pé a ní ìkọ̀ kejì.”

Kò sí ìkọ̀ kejì. Àwọn méjì tó ń wúkọ́ láàrin aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi ló wà. Fámúyìwá la ẹnu. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ní èdè obìnrin náà gan-an, kò sì sí ọmọ Èkìtì mìíràn lórí pápá yẹn tó máa mọ̀ pé ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, ìbéèrè á bẹ́ sórí ìbéèrè, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn níbẹ̀, dúróònù náà á sì bá wọn padà sí Sípéènì. Ó rò ó pé bí òun bá parọ́ kékeré yìí, àwọn á lọ nísinsìnyí.

“*Tenemos otro grupo*,” ó wí. A ní ìkọ̀ mìíràn.

Pilar fọwọ́ lé àyà, ó ní ó dára. Fámúyìwá lọ sẹ́yìn kánópì, ó tutọ́, ó tún tutọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ń rí i lára.

Wọn kò lọ nísinsìnyí. Wọ́n ya fọ́tò, gbogbo wọn pọ̀, lẹ́yìn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pín ìrẹsì nínú páàkì. Olóyè sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó ní Èkìtì ni ilẹ̀ iyì, ó ní kí Fámúyìwá túmọ̀ ìyẹn náà. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa gbéra, ojú ọjọ́ ti rọ̀. Àwọn kan ṣì ń jẹ ẹran adìyẹ nínú ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí bàtà rẹ̀ dára jù. Dúróònù wà nínú páálí lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá Gbádébọ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọpẹ́olúwa ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sí ẹ̀bá títì, ojú rẹ̀ wú, ó ti so apá rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú ìgbànú. Kò dìde nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀.

“Wọn ò tilẹ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán,” ó ní. “Bí wọ́n ṣe gbọ́ mọ́tò yẹn ni wọ́n ti ń wo ìsàlẹ̀. Wọ́n yìnbọn sí aṣọ kan, aṣọ náà ò ṣubú bí èèyàn. Wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín. Ìbọn Victor ò dún. Wọ́n yìn ín lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo wọ́ ọ dé ubí, ọlọ́kadà kan ti gbé e rè ọsibítù. Fámù, mo pè yín! Nígbà tí mo fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, oòrùn ti pọ́n, mo sì pe fóònù yín títí.”

Fámúyìwá yọ fóònù rẹ̀. Wọ́n ti ní kí gbogbo wọn pa á nítorí fídíò, kò sì rántí tan án padà.

Ó sáré. Gbogbo wọn sáré, bàtà tuntun ń gbá ilẹ̀. Lẹ́bàá odò, àwọn ajínigbé ti fa aṣọ wọn ya kúrò lórí igi, wọ́n fi nu ẹsẹ̀, wọ́n tọ̀ sí ojú iná tí wọ́n dá. Ẹrẹ̀ etí odò kún fún àpá orúnkún àwọn tó kúnlẹ̀ mu omi. Fámúyìwá gun àpáta náà láìbojú wẹ̀yìn, kò sì bìkítà bóyá ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn.

Bàbá Adéwùmí nìkan ló wà nínú ihò. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n bu omi fún un. Ó mu ún tán kó tó fọhùn, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ.

“A gbọ́ mọ́tò yín. Àwọn ẹni ibi yẹn dìde, wọ́n ní ẹ ti rè. Mo bú sẹ́kún. Tíṣà ní kí n dákẹ́. Ó ní ọgbọ́n ogun ni, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n jáde ni, pé ẹ̀yìn igi lẹ wà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà lábẹ́ yẹn, kò lè rè ubì kankan.” Ó dúró, ó mí. “Nígbà tí wọ́n ń mú un sọ̀ kalẹ̀, ó ń rọra rìn. Wọ́n ń fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́yìn pé kó yára, ó ń rọra rìn ni. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kí ẹ lè ráàyè yìnbọn. Nígbà tí wọ́n dé odò, ó dọ̀bálẹ̀ lójijì, ó fi ọwọ́ bo orí. Ó rò pé ìgbà yẹn lẹ máa yìnbọn. Mo di etí mi. Mo ń retí ìró ìbọn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tí alùpùpù wọn dé láti ọ̀nà Ondó tí wọ́n gbé e lọ.”

Ọ̀gá Gbádébọ̀ sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n tọ ipa alùpùpù, ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù, wọ́n sì lọ. Àwọn yòókù dúró pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn. Bàbá Adéwùmí ń wò wọ́n lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo bàtà, ó wo ọ̀rá ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ àpò ẹnìkan.

“Ibo lẹ rè?” ó bi wọ́n.

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

“A rè Ìkẹ́rẹ́, Bàbá,” Fámúyìwá dáhùn. “A lọ búra.”

“Ìbúra kí ni?”

“Pé a ò ní fi yín sílẹ̀.”